Lẹ́tà ṣíṣí sí nọ́ńbà 9 wa: ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn

Àbúrò mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé orí fóònù lo ti máa ka èyí, àti pé kó o tó kà á dé ìlà kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbá apá ọ̀tún á ti na ọrùn láti bá ọ kà á. Jẹ́ kó kà á. Òun náà ní irú lẹ́tà tí wọ́n fi pè ọ́ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù yẹn lápò. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba nìyẹn, dípò kí n pè ọ́ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn eré: lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ ọmọ nìkan ló yàtọ̀ nínú wọn.

Ìyá rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé lọ́jọ́ Ajé. Kò jókòó. Ó tú ìwé náà jáde nínú nílọ́ọ̀nù dúdú tó wé mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kóòṣì, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ ti débẹ̀ rí." Mo wò ó. Kọ́lọ́ọ̀bù kan ní Yúróòpù ló pè ọ́ wá fún ìdánwò ọjọ́ mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí. Orúkọ kọ́lọ́ọ̀bù ọ̀hún, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ ọ́ lójú ewé kan ṣoṣo. Àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nísàlẹ̀, irú èyí tí èmi àtìwọ lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ kí omi tó hó ni. Ẹni tó mú un wá ní kí ẹ san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà fún fisa àti tíkẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, kí ààyè má baà bọ́. Ìyá rẹ ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lọ́nà Arówómọlẹ̀.

Mo ní kó má tíì tà á. Ó bínú sí mi, mo rí i lójú rẹ̀. N ò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti ń gbé ẹ̀wà kaná láago mẹ́rin ìdájí fún ọdún mẹ́tàlá, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ fò, ta ni èmi tí màá ní kó dúró?

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí lẹ́sẹ̀ rẹ, kó má baà dà bíi pé ìlara ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú ọyẹ́ yẹn, eruku pápá pupa débi pé a ò rí nọ́ńbà ẹ̀yìn yín mọ́. Bọ́ọ̀lù ti apá òsì wọlé. Àwọn ẹlẹ́yìn méjèèjì sáré lọ síwájú ilé, gbogbo èèyàn sáré tẹ̀ lé wọn. Ìwọ nìkan lo dúró. Ìṣísẹ̀ kan péré lo fà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó wá bá ọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. O ò tilẹ̀ gbá a. O kàn fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tì í wọlé bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ ọmọ. Láti ọdún 2012 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù nílùú yìí, ẹni méjì péré ni mo ti rí tó ní in, ìwọ ni èkejì.

Mo rí òdìkejì rẹ̀ náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn lo pàdánù èyí tó rọrùn jù, lo bá káwọ́ lérí, ò ń wo ojú ọ̀run. Kó o tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wà lójú ilé wa. Níbi tó ò ń lọ yẹn, atamátàsé kì í káwọ́ lérí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò lé e. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò ní Tùnísíà, gòólù mẹ́ta ni mo gbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kóòṣì ibẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ gòólù rárá. Iye ìgbà tí mo sáré padà sẹ́yìn ló ń kà.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ ńkọ́? Ọ̀pá tó o fi ń dúró lásán ni. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ó dá mi lójú pé o ti wo gòólù tí Rashidi Yekini gbá sílé Bulgaria ní Dallas, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá ní Ife Àgbáyé. Bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń pariwo, tó ń sunkún, ni gbogbo èèyàn rántí. Tún un wò, ṣùgbọ́n má wo àwọ̀n. Wo bí Finidi George ṣe fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, kó o wá wo ibi tí Yekini ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bọ́ọ̀lù tó tì wọlé yẹn, ìyá rẹ lè tì í wọlé. Dídé ibẹ̀ niṣẹ́.

Báwo ló wá ṣe dé ibẹ̀? Ọdún 1982 ló wọ Shooting Stars n'Íbàdàn wa níbí. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Abiola Babes l'Abẹ́òkúta. Ọdún 1987 ló tó kọjá ẹnubodè, Abidjan ló sì lọ, sí ẹgbẹ́ Africa Sports. Nígbà tó fi máa dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgà lọ́dún 1990, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 27. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún 17, o wá ń sọ fún ìyá rẹ pé ó ti ń pẹ́. Lẹ́yìn ọdún 27 yẹn ló gbá gòólù 21 tó fi ṣe olórí gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní líìgì Pọ́túgà ní sáà 1993 sí 1994, lẹ́yìn rẹ̀ náà sì ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún ọdún 1993. Ọmọ Nàìjíríà kankan ò gbà á rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹnì kan á sọ pé ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Segun Odegbami tí wọ́n ń pè ní Mathematical gbá tiẹ̀ n'Íbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò lọ ibì kankan, méjì nínú ayò mẹ́ta tí a fi na Algeria lọ́dún 1980 sì jẹ́ tirẹ̀, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún ọ. N ò ní kó o jókòó sílé bíi tirẹ̀. Mo mọ iye tí wọ́n ń san nílé, mo sì mọ iye oṣù tí wọ́n fi ń jẹ èèyàn. Lọ. Ọ̀nà tó o máa gbà lọ ni mo ń bá ọ jà sí.

Wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin ni, níbi tí mọ́tò ń gbé wa dé kí ìròyìn rédíò tó tán. Liverpool gbà á wọlé nípárí oṣù kẹjọ ọdún 2015, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọ tí Liverpool gbà! Ká ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, a ò bá ti lu ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí gbà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń yá a kiri bí àga ìnáwó: Frankfurt, Nijmegen, Mouscron, Gent, Mouscron padà, Mainz, Union Berlin. Jámánì, Nẹ́dálándì, Bẹ́ljíọ̀mù. Ibi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ọjà, ó tún di ẹrù. Ọdún 2021 ni Union Berlin tó rà á pátápátá, Nottingham Forest sì rà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ọdún mẹ́fà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló dá a dúró. Ìwé ni.

Victor Osimhen tó gbá gòólù 10 ní Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní 2015, tí gbogbo ayé ń sá tẹ̀ lé, oṣù kìíní ọdún 2017 ló tó wọ Wolfsburg, nígbà tó pé ọdún 18. Kò sì gbá ẹyọ kan wọlé fún wọn ní líìgì. Charleroi ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí fún un.

O ṣàkíyèsí ọdún 18 tó ń yọjú nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì? Kì í ṣe èèṣì. Òfin FIFA kò jẹ́ kí kọ́lọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀, bíi ká ní àwọn òbí ọmọ náà ti kó lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tiwọn tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ ò kó lọ sí Yúróòpù, ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ wà níbí. Abájọ tí ẹni tó mú lẹ́tà wá fi sọ fún un pé kí ẹ lọ sọ ọjọ́ orí rẹ di 18 lórí ìwé, pé tó o bá débẹ̀ tán, wọn yóò dá a padà sí 16 kí ọjà rẹ lè tà. Ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn bíi rọ́bà! Láti ọdún 2009, tí àwa gan-an gbàlejò Ife Àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn tó ń gbá ìdíje náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti ju ọdún 17 lọ. Kó o fi ọjọ́ orí rẹ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fún ọ.

Èmi náà ò gbọ́ràn, kí n tó máa ṣe bí ẹni gbọ́n. Bàbá mi gbé ní Tàmálè ní Gánà ọdún mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló mọ ìtàn yìí: oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi fi ìsọ̀ sílẹ̀ tòun ti ọjà inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti àpótí irin ló gbé dé. Títí tó fi kú, tí wọ́n bá ti mẹ́nu kan Gánà, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wọn ò bi wá bóyá a ṣiṣẹ́. Ìwé ni wọ́n bi wá." Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà kí n tó lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni.

Ọdún 2008 ni mo lọ sí Tùnísíà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo ti gbá sáà mẹ́ta ní líìgì kejì nílé. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ewé mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lédè Faransé. N ò gbọ́ Faransé kọjá "bonjour". Ọdún méjì ni wọ́n kà sí mi létí. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé wọ́n lè lé mi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láì san nǹkan kan. Ọkùnrin tó ń rí sí ilé tí a ń gbé gba páálí ìrìnnà wa, ó ní òun fẹ́ fi ṣe káàdì. Oṣù méjì ni mo gbowó. Lẹ́yìn ìyẹn, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni, fún oṣù márùn-ún. Àwa mẹ́ta la wà ní yàrá kan, ẹ̀rọ amúlé-gbóná kan ṣoṣo ni a ní, ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn ló ń sún mọ́ ọn. Mo gbá gòólù méje nínú ìdíje mọ́kànlá, n ò ní fídíò ọ̀kan, n ò ní ìwé tó sọ pé mo gbá a. Mo wá lọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí kì í ṣe tèmi, mo fi ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tí mo padà, n ò lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlọrin ni mo sá pamọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní yàrá ọ̀rẹ́ mi kan. Òru ni mo fi wọlé. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti gáréèjì yí ojú padà, ó dá mi mọ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ tún ń padà lọ?" Mo ní, "Lẹ́yìn ọdún." Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Owó ọkàdà yẹn ṣì ń dùn mí.

Nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ìgbà tèmi. Láti ọdún 2018, òfin FIFA sọ pé tí kọ́lọ́ọ̀bù bá jẹ ọ́ ní owó oṣù méjì láìnídìí, o lè kọ̀wé sí wọn, kó o fún wọn ní ọjọ́ 15. Tí wọn ò bá san án, o lè já àdéhùn náà, ẹ̀tọ́ rẹ ò sì ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó bá wà lórí ìwé, tí orúkọ rẹ sì wà nínú ìforúkọsílẹ̀, ni òfin lè gbèjà. Ẹni tí wọ́n fi fisa àbẹ̀wò gbé lọ, tó ń sùn nílé ééjẹ́ǹtì, tó ń dúró de ìdánwò tí kò dé, kí ni wọ́n máa gbèjà lára rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ééjẹ́ǹtì ò gùn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn lóòótọ́ ti ṣe ìdánwò FIFA, ó ti gba láísẹ́ńsì, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì FIFA níbi tí ìwọ náà lè wò ó. Bí ọmọ bá kéré, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí lórí ìwé kó tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ rárá. Àti pé inú owó tí bọ́ọ̀lù bá mú wá ni tirẹ̀ ti ń jáde. Kì í gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ opó. Mo wá orúkọ ẹni yín. N ò rí i. Mo yí lẹ́tà orúkọ náà sí oríṣi mẹ́rin, bóyá wọ́n ṣì í kọ, n ò rí i síbẹ̀.

Àwọn kan á ní nítorí owó tèmi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Láì fi igbá kan bọ̀kan nínú, owó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, wọ́n máa ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún gbogbo kọ́lọ́ọ̀bù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó náà tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ká mú ẹyọ kan (0.25%). Ọdún mẹ́rin yẹn lo fi wà lọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá tà ọ́ ní yúrò 200,000, yúrò 2,000 ló yẹ kó dé abẹ́ igi máńgòrò wa. Ṣé o mọ iye bọ́ọ̀lù tí ìyẹn máa rà? Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: kò sí kọ́bọ̀ kan tó lè dé ọ̀dọ̀ wa báyìí, nítorí pé n kò forúkọ yín sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń kọ orúkọ yín sínú ìwé ogójì ewé, mo ń ro pé ó ti tó. Ní ti FIFA, o ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ. O kàn máa bọ́ látojú ọ̀run lọ́jọ́ kan sí kọ́lọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò rí ẹni dì í rù.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo ti lọ bá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbà wá wọlé. Kọ́lọ́ọ̀bù kan ní líìgì ilé, n'Íbàdàn, ti gbà kó o wá gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó o bá parí WAEC. Lẹ́yìn WAEC ni mo wí. Mo rí i pé o ti ń pa ẹ̀kọ́ ìṣirò jẹ. Wọn ò ṣèlérí nǹkan kan, mo sì fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Tí wọ́n bá mú ọ, wọn yóò forúkọ rẹ sílẹ̀, gòólù tó o bá gbá á wà lákọsílẹ̀, wọ́n á sì ya á ní fídíò. Tó o bá wá pé ọdún 18, ẹni tó bá fẹ́ ọ á mọ ibi tí yóò ti kọ̀wé sí.

Ní ọjọ́ Sátidé, wá sí pápá ní aago mẹ́ta, kí àwọn yòókù tó dé. Mú ìyá rẹ dání, kó mú ìwé ìbí rẹ dání, ojúlówó, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ lọ tún ṣe. Kí ó tọ́jú ìwé ilẹ̀ náà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bá ọ ka èyí pé kí òun àti bàbá rẹ̀ náà wá.

Kó o wá wọ bàtà òsì nìkan. Ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù lo máa fi ẹsẹ̀ yẹn gbá lọ́jọ́ náà, èmi ni màá sì máa kà á.

Èmi ni,
Kóòṣì rẹ, l'Ógbómọ̀ṣọ́ Ajílété